Kóòtù Inú Ilé

Àárọ̀ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Aránṣọ gbé fóònù ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń ṣẹ́tí búláòsì, ó sì ń wo ojú ọkọ rẹ̀ nínú fóònù náà, ẹni tó lọ sókè òkun lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó wù ú kó fọwọ́ kan ojú náà. Gíláàsì tútù ni ìka rẹ̀ ń bá.

"Oníkóòtù mi, ẹ ò tiẹ̀ lè bọ́ kóòtù òtútù yẹn nínú ilé? Àbí fáàrí ni?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Fáàrí kẹ̀!"

"Bàbá Ìbejì, táìlì pálọ̀ ilé tí à ń kọ́ ti dé o. Ó ku ti yàrá. Ó yẹ kówó oṣù yín ká a."

Kó tó fèsì, ikọ́ gbé e. Èéfín funfun yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Yéè! Ẹ ti ń mu sìgá!"

"Èémí mi ni. Inú yàrá tutù. Mo pa ẹ̀rọ amúlégbóná, kí n lè rówó fi ránṣẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní oúnjẹ ò wọ́n níbẹ̀."

"Kò wọ́n lóòótọ́. Lọ́dọ̀ yín, oúnjẹ ló ń jẹ ìdajì owó. Níbí, owó ilé tí mo háyà ló ń jẹ ìdajì tèmi. Iná, ọkọ̀ àti owó orí á sì pín ìyókù. Èyí tó ń wọlé lẹ gbọ́, ẹ ò gbọ́ èyí tó ń jáde."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ojú ń tì mí. Ọ̀gá olówó ni gbogbo yín ń pè mí."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òtútù àyà ti gbé e dé ọsibítù. Ó yè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fífọ ọkọ̀ ojú irin tó ń ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ ta páálí táìlì, ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fi tan ẹ̀rọ amúlégbóná náà.

Nígbà tí wọ́n tún rí ara wọn lórí fóònù, ọkọ rẹ̀ kò wọ kóòtù. Eegun èjìká rẹ̀ yọ síta. Aránṣọ bú sẹ́kún.

"Ẹ máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò ní táìlì ò ní gún wa lẹ́sẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn lókè òkun, kí ẹ tó béèrè owó, ẹ béèrè ohun tó ń san kó tó jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ sọ òótọ́ fún ará ilé. Ẹni tí a ń kọ́lé dè, ẹ jẹ́ kó wà láàyè dé inú ilé náà.