Ẹni Tó Ń Fa Okùn Gavrila

Irọ́ kọ́ o. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó gun òkè wá sábúlé wa, kó béèrè lọ́wọ́ Màmá Palaga. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi di okùn yẹn mú.

Gavrila pé oṣù méje, kò sùn lóru rí. Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Gavrila ò gbọ́ òwe: ọ̀sán ló fi ń sùn tiẹ̀. Toader, bàbá rẹ̀, ń mọlé kiri ní Ítálì. Anutsa, ìyá rẹ̀, nìkan ló ń bá a fà á. Ibùsùn ọmọ so rọ̀ lára igi àjà, Anutsa so okùn mọ́ ọn, ó so etí kejì mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń fà á láti orí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti dúró díẹ̀, igbe!

Lóru ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ náà sókè, ó sì rí i pé ọwọ́ òun fẹ́ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ó tètè gbé e padà.

“Ẹ gbà mí o,” ló wí. Ta ló fẹ́ gbà á? Anutsa ò mọ ìyá. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ló dàgbà sí, ẹnikẹ́ni ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún rí.

Oorun gbé e lọ. Nígbà tó ta jí, ilé pa rọ́rọ́. Okùn ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó nà tantan lọ sẹ́yìn ààrò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Igi àjà ń dún: kíìn… kíìn. Gavrila ń sùn.

Ó yẹ kó figbe ta. Kò ta á. “Ẹ ṣeun,” ló sọ.

Lálẹ́ kejì, bí ọmọ ṣe ké, okùn kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀, kó tó mì. Lálẹ́ kẹta, ìdúró náà gùn sí i. Ẹni tó ń fa okùn ń kọ́ ọmọ náà láti dá sùn ni. Lálẹ́ keje, Gavrila ké lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀, ó sùn títí àkùkọ fi kọ.

Anutsa ṣe búrẹ́dì, ó fi àbẹ́là lé e, ó gbé e lọ fún Màmá Palaga, aládùúgbò rẹ̀, bí a ti ń ṣe lábúlé wa fún òkú ẹni: ohun tí aládùúgbò bá gbà lórúkọ òkú, òkú náà ló jẹ ẹ́.

“Lórúkọ ta ni, ọmọ mi?”

“N ò mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Háà! Báwo ni búrẹ́dì tí ò lórúkọ ṣe máa dọ́dọ̀ ẹni tó ni í? Àbí àìsùn ti dà ọ́ lórí rú ni?”

Anutsa ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Màmá Palaga bá a wálé, wọ́n di okùn náà mú. Kíá, wọ́n jù ú sílẹ̀.

“Ó gbóná,” ni wọ́n wí. “Bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀.” Wọ́n gba búrẹ́dì náà. “Ẹni yòówù kó jẹ́, kó rí i jẹ. Kí Ọlọ́run forí jì í.”

Lóru yẹn, Gavrila sùn fọnfọn. Anutsa ni ò lè sùn. Igbe ti mọ́ ọn létí. Ó fọwọ́ wá okùn náà nínú òkùnkùn. Kò sí lára ibùsùn ọmọ mọ́. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tòun gan-an ni wọ́n so ó mọ́.

Bẹ́ẹ̀dì náà mì. Díẹ̀díẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀.

“Ìyá mi?”

Okùn ò dúró. Omijé bọ́ lójú Anutsa. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” ó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.