Epo Tó Kù Nínú Táǹkì

Orí ni Fọlákẹ́ gbé bàálù náà lé bí ẹni tó ru àwo ẹja. Bàálù pupa ni, ó fẹ̀ tó apá ènìyàn kan, ó sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ọmọbìnrin náà ṣe ń rìn bọ̀ lójú títì Máfolúkù láìfọwọ́ kàn án. Fákúnlé tó ń jó ìdí àtùpà ní ìsọ̀ rẹ̀ gbójú sókè, ó sì gbàgbé irin gbígbóná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí àtùpà náà lu.

Ẹ má bá a wí. Ọdún tí ìjọba san owó Údójì, àfikún owó oṣù, ni, gbogbo Èkó ń ra rédíò àti fáànù tuntun, kò sẹ́ni tó fẹ́ yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi agolo mílíìkì ṣe àtùpà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá rí adúmáradán tó ru bàálù bọ̀, ṣé kí ó má wò ó?

"Ẹ káàsán o," ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹ̀ ń jó páànù."

"Páànù ni mò ń jó, Àǹtí. N ò tíì jó bàálù rí."

"Inú bàálù niṣẹ́ wà."

Olúfọlákẹ́ Ilésanmí lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni. Abíọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni bàálù náà, kó tó di olóògbé. Ó ní ẹ́ńjìnì tòótọ́, ó ń fò tòótọ́, àmọ́ wáyà gígùn méjì ló so ó mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń fò ó. Onítọ̀hún á dúró láàárín pápá, bàálù á sì máa yí i po. Táǹkì epo rẹ̀ tó kéré bí páálí ìṣáná ló ti dógùn-ún.

Fákúnlé gé páànù, ó jó tuntun. Ó ki ọ̀pá tín-ín-rín tí yóò máa fa epo sáàárín gbùngbùn, níbi tí òwú àtùpà máa ń wà. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, Fọlákẹ́ padà dé. "Ó fò díẹ̀, ó kú. Epo ṣì wà nínú rẹ̀."

"Àárín ni mo fi ọ̀pá náà sí o, bí mo ṣe ń ṣe àtùpà."

"Àtùpà kì í fò." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Bí mólúè bá gé kọ́nà, ibo lẹ máa ń dà sí?"

"Sára ẹni tó jókòó tì mí."

"Tó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́?"

"Màá bẹ dírẹ́bà kó tún un gé."

Fọlákẹ́ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bí epo náà ṣe ń dà nìyẹn. Bí bàálù bá ti ń yí po, epo á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta, níbi tó jìnnà sí ẹni tó di wáyà mú. Tó bá ń gòkè, á tún sá sẹ́yìn. Igun ẹ̀yìn lápá ìta, ibẹ̀ ni kẹ́nu ọ̀pá wà. Èmi ni mi ò tètè ṣàlàyé fún yín."

Fákúnlé gbọ́ ọ yé. Bó ṣe ń tú táǹkì náà, Fọlákẹ́ sọ ìdí tó fi ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Ilésanmí, ti fẹ̀yìn tì, ilé ni wọ́n fẹ́ máa lọ, ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà ayé Abíọ́lá, gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń lọ jókòó sẹ́bàá pápá, tí wọ́n á dijú, tí wọ́n á máa gbọ́ bàálù ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní kúrò l'Ékòó àfi táwọn bá tún gbọ́ ẹ́ńjìnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí epo á fi tán.

"Lẹ́yìn náà, a ó máa lọ," Fọlákẹ́ wí.

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ta ni kí n fi bàbá mi sílẹ̀ fún?"

Fákúnlé tẹjú mọ́ táǹkì náà. Ó gbé ọ̀pá náà lọ sápá ìta lóòótọ́, àmọ́ ó fa ẹnu rẹ̀ síwájú díẹ̀ kúrò ní igun, bí ìbú èékánná. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Bàálù náà pẹ́ lókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tún kú. Fọlákẹ́ tún wá. Fákúnlé ní òjé tí òun fi jó o ni kò dára. Ó tún un jó, ó tún fa ẹnu ọ̀pá kúrò ní igun.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Fọlákẹ́ kì í kàn fi táǹkì sílẹ̀ mọ́, á jókòó, á bó ẹ̀pà fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan Fákúnlé pè é ní Fọlákẹ́ láìfi Àǹtí sí i, ó ń retí kí ọmọbìnrin náà bínú, kò bínú. Fákúnlé fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kì í rí oorun sùn mọ́, irọ́ tó ń pa sì ń dà á láàmú.

"Wá wò ó fúnra rẹ ní Sátidé," Fọlákẹ́ wí. "Ìwọ ni kó o bá mi dì í mú kó tó gbéra."

Pápá náà wà lẹ́yìn Máfolúkù, lápá ibi tí bàálù ńlá ti ń balẹ̀. Tíṣà Ilésanmí, bàbá Fọlákẹ́, jókòó lórí àpótí, fìlà wọn wà lórí orúnkún. Ẹ́ńjìnì ké, Fákúnlé jọ̀wọ́ bàálù náà, Fọlákẹ́ sì di wáyà mú, ó ń yí láàárín pápá. Bàbá dijú. Ojú wọn tó le bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹnu wọn ń mì bíi pé wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ẹ́ńjìnì náà wúkọ́, ó dákẹ́.

Bàbá lajú. "Kò burú," wọ́n wí. "Bóyá Abíọ́lá ni kò fẹ́ kí n máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Fákúnlé lọ́kàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko.

"Abíọ́lá kọ́, sà. Èmi ni. Mo mọ ibi tí ọ̀pá náà yẹ kó wà, mi ò fi síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí Fọlákẹ́ lọ."

Fọlákẹ́ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o ti sọ pé ẹ ó lọ."

"O sì jẹ́ kí bàbá mi máa wá jókòó síbí?"

"Mi ò tíì rí ojú wọn nígbà yẹn."

Fọlákẹ́ ká wáyà rẹ̀, ó ki bàálù bọ abíyá, ó lọ. Bàbá wo Fákúnlé nílẹ̀ títí.

"Ṣé o lè ṣe é kó dára?"

"Mo lè ṣe é, sà."

"Tó o bá ṣe é, n ó lọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Lọ ṣe é."

Ó padà sí ìsọ̀, ó jó táǹkì mìíràn. Ó gbé e lọ sílé wọn ní Ìsọlọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Fọlákẹ́ ti gbà á, kò ní kó jókòó.

"Ó ti wà ní igun," Fákúnlé wí. "Mi ò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ògiri, kó lè rí epo mu. Àlàfo tí bébà lè gbà ló wà níbẹ̀." Ó yí padà láti máa lọ.

"Ta ni yóò bá mi di bàálù mú ní Sátidé?"

"Ẹni tó bá wù ọ́."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n dì mú ló wù mí. Inú ṣì ń bí mi o. Má pẹ́."

Ní Sátidé, bàálù náà gbéra, ó ń yí, ó ń yí. Ó kọjá ibi tó ti máa ń kú, kò kú. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó mú, bó ṣe máa ń rí kí epo tó tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó rọra balẹ̀ sórí koríko. Omi ń dà lójú Bàbá, wọn kò nù ún.

"Mo ti gbọ́ ọ tán," wọ́n wí. "Ilé yá."

Òòyì ń kọ́ Fọlákẹ́ láàárín pápá. Fákúnlé sáré lọ bá a, ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ kó má baà ṣubú.

"Bàbá," Fọlákẹ́ wí, "mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ dá lọ."

"Ta ló ní kó o bá mi lọ? Ìwọ lo ń sọ ọ́. Àbúrò mi obìnrin méjì wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ń jà sí ẹni tí yóò máa gúnyán fún mi." Wọ́n kọjú sí Fákúnlé. "Ìwọ, níbo làwọn ènìyàn rẹ wà?"

"Ẹdẹ, sà."

"Ẹdẹ kò jìnnà. Kó wọn wá bá mi kí àkókò iṣu gbíngbìn tó dé. Irọ́ kan ni mo fojú fò yẹn o, mi ò ní fojú fo èkejì."

"Kò ní sí èkejì, sà."

Fọlákẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Òòyì náà ti lọ tipẹ́, ọwọ́ Fákúnlé ṣì wà ní èjìká rẹ̀, Bàbá sì ń wò ó, wọn kò ní kó mú un kúrò.