Ajá Tó Ń Jẹ́ Mi-Ò-Ṣe

Ní ayé tó ń bọ̀, èyí tí ojú tiwa lè má tó ṣùgbọ́n tí ojú àwọn ọmọ wa yóò tó, ẹ̀rọ kan wà ní ìlú Òkunlọlá tí wọ́n ń pè ní Gbọ́rọ̀kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá ti kọ, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Ọba kò lè pa á rẹ́, dókítà kò lè pa á rẹ́. Àwọn tó ṣe é fọ́nnu pé kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, òótọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ ni kì í ṣì gbọ́. Ìtumọ̀ ni kò gbọ́ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, díẹ̀ ló sì kù kí ẹ̀mí ajá kan bá a lọ.

Ìsàlẹ̀ òkun ni Òkunlọlá wà. Nígbà tí omi gba ilẹ̀ àwọn baba wọn létíkun, àwọn kan sá lọ sókè. Àwọn kan ní àwọn kò ní sá fún omi tó wo àwọn dàgbà, ni wọ́n bá kọ́ ilé sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi dígí tó nípọn bí ògiri bo gbogbo ìlú, wọ́n pè é ní Igbá. Inú Igbá ni wọ́n ń gbé, inú rẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí, ẹja ń kọjá lókè orí wọn bí ẹyẹ. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni afẹ́fẹ́ ẹrẹ̀, tó máa ń yọ́ jáde láti inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, tó ń gba ihò ilẹ̀ wọlé, tí kò ní àwọ̀. Ẹ̀rọ a máa pẹ́ kó tó mọ̀ pé ó ti wọlé. Ajá kì í pẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilé tí kò ní ajá.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnlọmọ. Pupa ni ajá ilé rẹ̀, etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì wó. Ìyá ọkọ Ẹ̀bùnlọmọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Adégbìtẹ́, ló sọ ọ́ ní Mi-ò-ṣe. Láàárọ̀, ìyá náà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ké tòò: "Mi-ò-ṣe! Mi-ò-ṣe o! Wá jẹun!" Ohùn rẹ̀ á dé ojúlé keje. Ẹ̀bùnlọmọ kò bi í rí ìdí tí ajá fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé bóyá ó ya ọ̀lẹ nígbà tó wà ní kékeré ni.

Ẹ̀bùnlọmọ ọ̀hún, obìnrin tí àyà rẹ̀ kì í balẹ̀ ni. Ọdún mẹ́fà ló fi wá ọmọ kó tó bí Tiwalọlá. Láti ìgbà tó ti bí i, ó máa ń gbé ọwọ́ síwájú imú ọmọ náà nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, kó lè mọ̀ pé ó ń mí. Bó bá ti dìde lọ́dọ̀ ọmọ, á tún lọ gbé ọwọ́ kan náà síwájú imú ajá. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi, ó máa ń lọ fún oṣù gbọọrọ. Bí nǹkan bá ṣe ajá yìí, ta ni yóò bá a gbóòórùn fún ọmọ?

Nígbà tí ìlú wá dá ètò adójútòfò sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, ó tẹ́tí. Wọn kò gba owó. Ìdílé tó bá wọlé yóò máa fi ọjọ́ kan lóṣù bá wọn họ ìkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ ara Igbá. Lọ́jọ́ tí ajá wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ilé ìwòsàn ẹran yóò tọ́jú rẹ̀, bó ti wù kó le tó. Ìdílé tí kò bá wọlé, kó máa fi omi gbígbóná tọ́jú ajá tirẹ̀.

"Adójú-kí-ni?" ni Ìyá Adégbìtẹ́ bi í.

"Adójútòfò, Ìyá."

"Òfò! Ajá ń jẹun, ajá ń fò, ìwọ fẹ́ lọ pe òfò wá bá a. Ìyàwó, ṣé kò sí o?"

"Ìyá, a kò pe òfò. A-dójú-ti-òfò ni. Ó ń dójú ti òfò ni."

"Òfò tún lójú? Ìgbà wo lo rí i?" Ìyá yínmú. "Nígbà tiwa, bí inú bá ń run ajá, á lọ jẹ koríko, á bì, á yá. Ta ní ń họ ìkarahun nítorí inú rírun ajá?"

"Koríko dà nísàlẹ̀ òkun, Ìyá?"

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ yìí, bí abẹ ló rí! Ó dáa, lọ. Àmọ́ má dárúkọ òfò nínú ilé yìí mọ́. Bí wọ́n bá béèrè, àáró lo lọ. Bá mi roko lónìí, kí n bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Ìyẹn yé mi."

Ọkàn Ẹ̀bùnlọmọ balẹ̀ díẹ̀. Ó pọn Tiwalọlá, ó fa ajá lókùn, ó lọ bá Gbọ́rọ̀kọ ní gbàgede ìlú.

"Ẹ káàárọ̀," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ilé wo ni?"

"Ilé Adégbìtẹ́, ojúlé kẹrìnlá. Adójútòfò ajá ni mo bá wá."

"Kí lorúkọ?"

"Mi-ò-ṣe."

Gbọ́rọ̀kọ tún bi í: "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa. Mi-ò-ṣe."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun, ó dàbọ̀."

Ẹ̀bùnlọmọ dúpẹ́ títí. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sì fi í ṣẹ̀rín.

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi họ ìkarahun. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀yìn ń dùn ún, Tiwalọlá ń fa irun rẹ̀ bó ti ń họ. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan ní, "Ìyá Tiwalọlá, ajá nítorí Ọlọ́run! Ṣé ajá ló bí ẹ ni?"

"Kò bí mi," ló fi dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ó ń bá mi tọ́mọ."

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ̀bùnlọmọ ń kó aṣọ ọmọ kúrò lórí okùn níta. Tiwalọlá sùn sórí ẹní nínú yàrá, Ìyá ń tòògbé lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ló bá gbọ́ tí ajá gbó lẹ́ẹ̀kan péré. Kó tó yíjú, Mi-ò-ṣe ti fi eyín fa etí ẹní, ó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, ó wọ́ ẹní tòun tọmọ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó já ẹní sílẹ̀, ó sá padà wọlé. Ẹ̀bùnlọmọ gbé ọmọ, ó ń kígbe, "Ìyá! Ìyá o!" Ó gbọ́ tí aṣọ Ìyá ya, ó gbọ́ tí Ìyá ń bú ajá, ó gbọ́ tí Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Agbára káká ni Ìyá fi jáde, ajá di etí ìró rẹ̀ mú sẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n dé ìta tán ni ẹ̀rọ ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń han pé afẹ́fẹ́ ẹrẹ̀ ti wọlé. Ara Ìyá le, ara ọmọ le. Ajá ló ṣubú.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ẹran. Dókítà tó wà níbẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá, ni obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dọ̀fóró àgbìn. Á gba ẹ̀jẹ̀ ẹran díẹ̀, á gbìn ín sínú ewé òkun kan tó ti tún dá, kí wákàtí mẹ́ta tó pé, ẹ̀dọ̀fóró tuntun ti hù. Ó fi etí lé àyà ajá.

"Ti inú rẹ̀ ti jó tán," ló wí. "Àmọ́ bí mo bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, á yè. Ṣé ẹ wà nínú adójútòfò?"

"A wà níbẹ̀! Mo ti họ ìkarahun fún oṣù mẹ́sàn-án!"

Dókítà yíjú sí ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. "Gbọ́rọ̀kọ, ojúlé kẹrìnlá."

"Ìdílé yìí kọ̀," ni Gbọ́rọ̀kọ fèsì. "Mo bi wọ́n léèmejì. Wọ́n ní àwọn kò ṣe. Ìkarahun tí wọ́n họ, ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ ni mo kọ ọ́ sí. Ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ẹ̀bùnlọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn. "Orúkọ rẹ̀ ni! Orúkọ tó ń jẹ́ ni mo dá!"

Ìyá ti tẹ̀ síwájú. "Ìwọ irin yìí, gbọ́ bí mo ṣe ń pè é. Mi-ò-ṣe!"

Ìrù ajá lu tábìlì, pà, pà.

"Mo ti gbọ́," ni Gbọ́rọ̀kọ wí. "Ẹ tún kọ̀. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́," ni dókítà wí. "Gbọ́rọ̀kọ kò ríran, ohùn nìkan ló ń gbọ́. Ẹ má bínú, èyí tí ẹ pè yẹn kì í ṣe orúkọ. Odidi gbólóhùn ni."

"Gbólóhùn!" Ìyá kọjú sí i. "Ìwọ Ọmọ́ṣaléwá, kí ni tìrẹ? Ṣebí ọmọ ló ṣa ilé wá? Ṣé ìyẹn kì í ṣe gbólóhùn?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa dókítà, àánú sì ń ṣe é. "Ènìyàn lèmi, Màmá. Gbogbo ìwé orúkọ ènìyàn la kà fún Gbọ́rọ̀kọ. Orúkọ ajá kò sí nínú ìwé kankan."

"Ṣé nínú ìwé la ti ń sọ ajá lórúkọ ni? Ẹnu ọ̀nà la ti ń sọ ọ́, kí ẹni tí a ń bá wí lè gbọ́!"

Ni Gbọ́rọ̀kọ bá béèrè láti ara ògiri: "Bó bá jẹ́ orúkọ, kí ni ohun tí ẹ ní ẹ̀yin kò ṣe?"

Ìyá Adégbìtẹ́ wo Ẹ̀bùnlọmọ nílẹ̀, ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Àyà ajá ń fẹ́, ó ń rọlẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó tún fẹ́.

"Mo fi ajá sọ ọ́ kí n má baà fi ẹnu sọ ọ́ ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Nígbà tí ìyàwó yìí lo ọdún kẹrin tí kò tíì bí, àwọn ẹbí mi wá. Àbúrò mi ló ṣíwájú wọn. Wọ́n ní kí n lé e, kí n fẹ́ ẹlòmíràn fún ọmọ mi. Mi ò dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ gba ọmọ ajá, mo sọ ọ́ ní Mi-ò-ṣe. Àràárọ̀ tí wọ́n bá ń kọjá, mò ń pe ajá mi. Ó yé wọn. Láti ọjọ́ náà àbúrò mi kò tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn."

Ẹ̀bùnlọmọ ti gbọ́ orúkọ yẹn láràárọ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko, ó gbọ́ ọ lórí ibùsùn, ó gbọ́ ọ nídìí ààrò, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbèjà. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá," ló wí.

"Dìde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ."

"Ó yé mi," ni Gbọ́rọ̀kọ wí. "Ohun mìíràn ni ẹ kọ̀, ẹ kò kọ adójútòfò. Orúkọ ni. Mi-ò-ṣe, ajá ojúlé kẹrìnlá, ó wọlé láti oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn."

Dókítà ti na ọwọ́ mú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó dúró. "Mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí kí n tó gún un. Oògùn tí ara rẹ̀ yóò fi gba ẹ̀dọ̀fóró tuntun máa ń pa imú. Kò ní gbóòórùn mọ́. Ìlú á fún yín ní ajá mìíràn tí yóò máa ṣọ́ ilé, wọ́n á sì fún ìyẹn ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ ìlú kì í fún ajá tí kò ṣiṣẹ́ ní afẹ́fẹ́. Èyí tó bá ń mí láti òní lọ, ara ìpín tiyín ni wọn yóò ti máa yọ ọ́, títí yóò fi kú. Adójútòfò san ẹ̀dọ̀fóró. Kò san èémí."

Ní Òkunlọlá, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń bu afẹ́fẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan, bí ènìyàn ṣe pọ̀ sí níbẹ̀. Ará ilé Ẹ̀bùnlọmọ kò ní kú. Afẹ́fẹ́ tí wọn yóò máa mí ni kò ní tó bí ara ṣe fẹ́.

Ẹ̀bùnlọmọ, tó ń bẹ̀rù ohun gbogbo, wo ọmọ lẹ́yìn, ó wo ajá. "Ti ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọn kì í yọ lára ti ọmọdé. Ẹ̀yin àgbà ni."

"Yọ ọ́ lára tèmi," ni Ìyá wí. "Kí ni mò ń fi èémí púpọ̀ ṣe lọ́jọ́ ogbó? Àfi kí n dín ariwo kù."

"Ẹ̀yin, Ìyá? Ẹ fẹ́ dín ariwo kù?" Ẹ̀bùnlọmọ rẹ́rìn-ín, omijé dà lójú rẹ̀.

"Ẹ gbà, àbí ẹ kọ̀?" ni Gbọ́rọ̀kọ béèrè.

"Mo gbà," ni Ẹ̀bùnlọmọ wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Lára àwa méjèèjì ni kí o ti yọ ọ́."

Ajá yè. Ẹ̀bùnlọmọ kò kọ́kọ́ mọ bí èémí tó dín kù ṣe máa rí. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn ọjà, èyí tó máa ń sáré gùn tẹ́lẹ̀. Kò lè gùn ún dé òkè mọ́ láìdúró. Ní ìdajì ọ̀nà, àyà rẹ̀ á máa lù, á di irin ẹ̀gbẹ́ mú, Tiwalọlá á máa jan ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Ìyá Tiwalọlá, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí o," á ní. "Mo dúpẹ́."