Ṣọ́ọ̀kì Funfun Lára Nọ́ọ̀tì Mẹ́jọ

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọkọ̀ mi rèé àbí àga ìrọ̀gbọ̀kú?"

Bàbá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìdí ọkọ̀ náà ti máa ń wọ́lẹ̀ bó bá ti ru bíríkì, tí yóò sì máa fì bíi ọ̀mùtí bó bá dé kọ́nà. Síbẹ̀, baba fẹ́ràn rẹ̀ débi pé Ìyá Àgbà ń pè é ní orogún òun.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ti fi ewé irin tuntun kún sípíríǹgì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di tọ̀tún mú, mẹ́rin ló di tòsì mú. Àmọ́ irin tuntun a máa jókòó díẹ̀ bó bá ti ru ẹrù, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀, ọkọ̀ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá sì dẹ̀ kì í gbọ́ ìdarí ní kọ́nà. Nítorí náà, òfin ṣọ́ọ̀bù wọn ni pé kí ọkọ̀ ru ẹrù yí àdúgbò ká, kó padà wá, kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì dì. Ẹni tó bá dì í ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìrìn yẹn ni Bàbá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti bọ̀.

"Ìyá Sípánà!" Mẹkáníìkì ké sí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. "Wọ abẹ́ ọkọ̀, kí o parí rẹ̀. Mo fẹ́ lọ ra ọ́ìlì."

Bàbá Àgbà ló sọ ọ́ ní Ìyá Sípánà, nítorí pé nígbà tó wà ní kékeré, sípánà ló máa ń gbé sùn dípò ọmọláńgidi. Baba rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo dì í, ọkàn mi balẹ̀." Ó wọlé lọ mu omi.

Ìyá Sípánà ti di mẹ́rin apá ọ̀tún tán, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì sí wọn, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ lẹ́nu géètì, tó ti wọ jẹ́sì.

"Ìwọ la ń dúró dè o! Ṣé ká gbá bọ́ọ̀lù láìní aṣọ́lé ni?"

"Ó ku mẹ́rin."

"Ṣebí bàbá ẹ ti dì í lẹ́ẹ̀kan? Fi ṣọ́ọ̀kì sí i jàre! Ta ló fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ọmọbìnrin náà wo sípánà, ó wo ẹnu géètì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí mẹ́rin apá òsì láìdì wọ́n, ó nu ọwọ́, ó sì sáré jáde. Wọ́n jáwé olúborí lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé e sókè, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà wa ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ní ìrìn ìgbín. Ìlàjì bíríkì rẹ̀ ti fọ́, koríko sì há mọ́ bọ́ńpà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ọwọ́ mi ti darúgbó. Ní kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè, mo tọ́ ọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, ó bọ́ sínú igbó. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá wà létí títì ńkọ́?"

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. "Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ, ṣọ́ọ̀kì mẹ́jọ. Mi ò rí nǹkan kan o, Bàbá."

"Ṣé mo sọ pé ọkọ̀ ni? Ìyá Sípánà ló dì í. Èmi ni mo ti bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Sípánà ju ẹgba lọ. Bó bá pa ẹnu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ àgbà yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ayé, yóò máa dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀.

"Bàbá, ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mi ò di tòsì rárá. Ṣọ́ọ̀kì lásán ni mo fi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mẹkáníìkì nawọ́ kan nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ lápá òsì. Ìka méjì ló fi yí i. "Èmi náà jẹ̀bi," ó wí. "Ṣọ́ọ̀kì ni mo wò, mi ò wo nọ́ọ̀tì." Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "O ò ní sàmì sí nǹkan kan níbí mọ́, àfi ọjọ́ tí mo bá dá a padà fún ọ. Bọ́ọ̀lù Sátidé náà ti dópin ná. Wàá máa bá Bàbá kó bíríkì títí iye tó fọ́ yóò fi pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Àgbà ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tẹ̀yìn tiwájú. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! O jẹ́ kí n máa bá ọwọ́ mi jà láti àárọ̀! Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ mi padà o. Ó yá, di mẹ́rin tó kù."

Wọ́n tún apá òsì tò. Ọmọbìnrin náà tún di nọ́ọ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, Mẹkáníìkì sì fi sípánà yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Bàbá Àgbà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kejì sílẹ̀. "Wọlé. Láti òní lọ, ẹni tó bá dì í ni yóò kọ́kọ́ bá mi gùn ún."

Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù bíríkì, ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó di àga mú. Baba tọ́ ọ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ sì lọ sọ́tùn-ún jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ló ti wá yé e pé nígbàkigbà tó bá di nọ́ọ̀tì, ẹ̀mí ẹnì kan ló ń dì mú. Ṣọ́ọ̀kì lè tan ojú, kò lè tan kọ́nà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe iṣẹ́ kí ẹ tó sàmì sí i. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹlòmíì má baà ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.