Ẹsẹ̀ Everett Lọ́jọ́ Ìyàn

Nígbà tí Everett Tolliver kọ́kọ́ rí Larysa Hrynkiv, orí àga ni Larysa dúró sí láàárín gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹ̀fun funfun wà ní imú rẹ̀, ó na ṣíbí ńlá sókè, ó sì ń jágbe mọ́ àwọn bàbá arúgbó tó jókòó yí tábìlì ká pé kò sẹ́ni tó gbọ́n nínú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì ni. Ní Parma wa níbí, lẹ́bàá Cleveland, Jímọ̀ Lẹ́ńtì kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀ nìkan. Ọjọ́ ẹja díndín ni, ọjọ́ píróhì tí ọ̀dùnkún kún inú rẹ̀ ni, òun náà sì ni ọjọ́ tí gbogbo ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ mọ́tò máa ń sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, títí oúnjẹ á fi tán.

Ẹgbẹ́ wa tún ti fìdí rẹmi lọ́dún náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá sì fìdí rẹmi jù ni wọ́n máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀, lọ́jọ́ ìyàn, ní òpin oṣù kẹrin. Àyè karùn-ún ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dax Marlow. Kọ́tábáàkì ni, ẹni tí gbogbo eré wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ó lè ju bọ́ọ̀lù láti Parma kó bọ́ sínú adágún. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé Marlow kò ní ṣẹ́kù dé àyè karùn-ún. A ní láti bá ẹgbẹ́ mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀ ká tó lè rí i mú, ohun tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn nìyẹn.

"Ẹ fún wọn ní àyè tọdún yìí!" Larysa ń sọ. "Ẹ fi tọdún tó ń bọ̀ lé e! Ẹ gba àyè kejì, ẹ mú Marlow wálé! Kí lẹ̀ ń tọ́jú ọdún tó ń bọ̀ sí? Ta ló ṣèlérí fún yín pé ẹ máa bá a?"

Everett, tó gbé àwo òfìfo dání, bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ máà bínú. Mo kàn ń wo bí ẹ ṣe ń fi ọ̀la ọlọ́la tọrẹ ni."

"Ọ̀la ọlọ́la kẹ̀? Ọ̀la tèmi ni! Látìgbà wo lẹ ti ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ yìí gan-an?"

"Látìgbà tí bàbá mi ti ń gbé mi lé èjìká lọ wò wọ́n."

"Gbogbo ìyà yẹn, ẹ ṣì ń ní sùúrù?" Larysa sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó mú ìrù ẹja tó kéré jù nínú páànù, ó sọ ọ́ sínú àwo Everett. "Ó dáa, ẹni tó ní sùúrù, ẹ jẹ ìrù."

Everett jẹ ìrù náà láìráhùn. Nígbà tí Jímọ̀ kejì pé, ó tún padà wá.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, aláwọ̀ dúdú, ará ìlà-oòrùn Cleveland. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìlú yìí mọ̀ pé odò tó là á láàárín fẹ̀ ju bí omi rẹ̀ ṣe rí lọ: aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ ní ìhà ọ̀hún, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ ní ìhà tiwa. Àwọn kan máa ń wò ó títí tó bá wọlé. Larysa náà ń wò ó, àmọ́ ojú tòun yàtọ̀. Ilé ìtajà oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ti yá gágá báyìí kẹ́yìn nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n ń bá iyàn wọn lọ. Everett ní kí ẹgbẹ́ má ṣe fi ọ̀la rẹ̀ ra ènìyàn kan ṣoṣo. Larysa ní ọgbọ́n oníṣòwò nìyẹn, ahun ni Everett. Wọ́n ń jiyàn títí wọ́n á fi kó àga, títí wọ́n á fi jáde sínú yìnyín, tí wọ́n á sì dúró ti mọ́tò Everett láìsí ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn.

"Mo ti ṣe irú pàṣípààrọ̀ yẹn rí," Everett sọ lọ́jọ́ kan. "Mo ní ìyàwó nígbà kan. Gbogbo ohun tí mo ní ni mo kó lé e lórí. Nígbà tó lọ, mi ò ní nǹkan kan mọ́ tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ̀la mi bí ẹni ń ṣọ́ ẹran."

Larysa fẹ̀yìn ti mọ́tò náà. "Màmá mi ra aṣọ aláwọ̀ omi aró kan, ó ní ọdún tó ń bọ̀ lòun máa wọ̀ ọ́. Ọdún náà ò bá a láyé. Inú páálí ni aṣọ náà ṣì wà. Mi ò lè ṣí i, mi ò sì lè gbé e fún ẹnikẹ́ni."

Everett di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, ó ń rùn bí ẹja, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú àwọn méjèèjì, kì í ṣe ẹ̀rín àkọ́kọ́ yẹn.

Ó kù kí bàbá rí i.

Teodor Hrynkiv, bàbá Larysa, jẹ́ ènìyàn dáadáa tó ní àrùn kan ṣoṣo: ó gbà pé òun lòun ń gbá bọ́ọ̀lù láti inú gáréèjì òun, ìyẹn yàrá ìgbọ́kọ̀sí tó so mọ́ ilé. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ńlá wà, ibẹ̀ ni àwọn àga wà, àga kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ni ín. Tí ẹgbẹ́ bá ń borí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹsẹ̀ padà. Lọ́dún kan, àna rẹ̀ ọkùnrin wọ ilé ìgbẹ́, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì. Teodor ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síbẹ̀ títí eré fi parí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwa tó wà níbẹ̀ la bá a di ilẹ̀kùn mú.

Lọ́jọ́ Àìkú tí Larysa mú Everett wálé, wọ́n ń mu ọbẹ̀ bọ́ṣì lọ́wọ́ ni fóònù Teodor pariwo. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wa ti fò wá ṣíwájú wa, wọ́n ti ra àyè kejì. Teodor gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wo fóònù, ó wo Everett láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró síbi ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo lo wọlé gan-an?"

"Ó máa tó ogún ìṣẹ́jú, sà."

"Ẹn-ẹn," Teodor ní, kò sì mu ọbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Everett tún wá, ó gbé òdòdó lọ́wọ́. Kò tíì bọ́ kóòtù tán tí Marlow fúnra rẹ̀ fi yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ní òun kò fẹ́ràn ibi tó tutù. Ibi tó tutù! Teodor dìde, ó lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì wọlé títí àlejò fi lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló sọ ọ́ jáde. "Larysa, mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni. Ó mọ̀wé, ó níwà. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tu ẹgbẹ́ yìí lára. Kó má wọ gáréèjì lọ́jọ́ ìyàn. Ọjọ́ yẹn nìkan, mo bẹ̀ ọ́."

Larysa gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Everett lọ pẹ̀lú ìtìjú. Everett gbọ́ ọ, ó wo bàtà ara rẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ni àbí àwọ̀ mi?"

"Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n fi ibojì màmá mi búra pé ẹsẹ̀ ni. Mo sì gbà wọ́n gbọ́, Everett. Ẹ̀gbọ́n wọn pàápàá, wọ́n ti lé e rí."

"Èyí ó wù kó jẹ́, ẹnu ọ̀nà náà ni mo wà." Kò pariwo rárá, ìyẹn ló dun Larysa jù. "Olólùfẹ́ mi, mi ò ní bá bàbá rẹ jà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́yàwó nínú ilé tí wọ́n ti ń wo ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó wo ojú mi. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìyàn lónìí, ọ̀la á di ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, lọ́jọ́ kan wọ́n á ní kí n má wá síbi ìkómọ ọmọ mi."

Larysa kò rí oorun sùn dáadáa fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbẹ́ òsì bàbá rẹ̀ ló ń jókòó sí lọ́jọ́ ìyàn. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló kù tí bàbá lè dì mọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, tàbí tí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́. Ó fẹ́ràn bàbá náà. Ó fẹ́ràn Everett. Ibi tó le sí nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ ìyàn pé, ó nu tẹlifíṣọ̀n, ó to àga, ó gbé píróhì kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú épírónì rẹ̀.

"Bàámi, ó dàbọ̀."

"Ó dàbọ̀ kẹ̀? Níbo lò ń lọ? Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀!"

"Ọ̀dọ̀ Everett. Ó ní òun ò lè wọ ilé tí wọ́n ti ń wo ẹsẹ̀ òun kí wọ́n tó wo ojú òun, mo sì rò ó títí, òótọ́ ló sọ. Ibi tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà lèmi náà wà."

"Larysa. Marlow ńkọ́?"

"Ẹ bá mi kí i," ó ní, ó sì jáde kí bàbá rẹ̀ tó rí omijé rẹ̀.

Nílé Everett, wọn ò tan tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n se tíì, wọ́n jókòó sí kíṣíìnì. Larysa ń wo aago ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

"Jọ̀ọ́, tan án," Everett ní. "O ń kú lọ."

"Mi ò ní tan án."

"Ìwọ tó o fẹ́ fi àyè ọdún méjì ra Marlow?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kó o mu tíì ẹ." Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ba Bàámi lọ́kàn jẹ́, Everett." Everett kàn ń fọwọ́ pa á lórí ni.

Ohun tí wọn ò rí ni pé, lásìkò yẹn gan-an, gáréèjì Teodor ti dàrú. Ẹgbẹ́ wa ti gbéra. Wọ́n ti kó àyè karùn-ún jọ pẹ̀lú àyè tọdún tó ń bọ̀ àti tèyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi gba àyè àkọ́kọ́ pátápátá, wọ́n sì pe orúkọ Dax Marlow. Àgbàlagbà ń fò bí ọmọ ẹran. Ẹnì kan da bíà sórí ara rẹ̀. Teodor ké igbe tí wọ́n gbọ́ lópòópónà kejì, ó sì na apá méjèèjì, ó yí sí òsì láti gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Àga lásán ló wà níbẹ̀.

Ayọ̀ abara tíńtín. Gbogbo ariwo yẹn ṣì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti bọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ohun tó ti ń retí láti ìgbà ọ̀dọ́ ti dé, kò sì rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ti gbé Larysa lọ sílé Everett rí nígbà tí mọ́tò ọmọ náà bàjẹ́, nítorí náà kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú nígbà tó kan ilẹ̀kùn. Everett ló ṣí i. Teodor ti ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sáyà, ó sì gbójú sókè, ó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa.

"A mú Marlow," ó ní.

Larysa fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kú oríire, sà," Everett ní. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ó dáa bí mi ò ṣe sí níbẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀yin lẹ jàre."

"Mo jàre," Teodor ní. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ṣì gbà títí di ìsinsìnyí pé ẹsẹ̀ rẹ ò dára fún ẹgbẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo yí sí òsì láti dì mọ́ ọmọ mi, àga ni mo bá. Everett, kí ni kí n fi Marlow ṣe?"

Ó yí fìlà náà po lọ́wọ́.

"Ojú rẹ ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò. Dárí jì mí."

"Bàbá," Everett ní, "mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín. Tí mo bá sì fẹ́ ẹ, mi ò ní dúró síta mọ́. Gbogbo eré pátá, inú gáréèjì yẹn ni mo máa wà. Ẹ rò ó wò. Tí ẹgbẹ́ bá wá ń fìdí rẹmi títí ayé ńkọ́?"

Àjèjì á rò pé àwàdà ni. Àwa mọ̀ pé kò sóhun tó wọ́n ju èyí lọ tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ Teodor Hrynkiv. Ó dijú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó là á.

"Kó máa fìdí rẹmi," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó."

Larysa sáré gba ẹ̀gbẹ́ Everett kọjá, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó sunkún sí i lọ́rùn bí ọmọdé. Nígbà tó yíjú padà, imú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìwọ tó ò ń tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, o ò tíì bi mí."

"Larysa, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti fẹ́ ọ látọjọ́ ìrù ẹja, òmùgọ̀ mi."

Fóònù Teodor ń dún ṣáá nínú àpò. Àwọn ará gáréèjì ń wá a kó wá jó. Kò gbé e. Ó fa àga kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n bu tíì fún òun.