Ọ̀pá Tí Mo Gbé Lọ́jọ́ Olúwa

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2009, Effie ìyàwó mi kú.

Orí pápá gọ́ọ̀fù etí òkun wa ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ní 1953. Afẹ́fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù mi lọ sáàárín aṣọ ibùsùn funfun tó sá sórí koríko. Ó dìde, irun pupa rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

“Ibi tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí la ti ń gbá a,” mo wí.

“Gbá a, kí o wá tún aṣọ náà fọ̀. Ìyá ìyá mi ti ń sá aṣọ níbí kí bàbá rẹ tó mọ gọ́ọ̀fù.”

“Má bínú, arẹwà.”

“Arẹwà kọ́, aláṣọ ni.”

Mo fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù mi.

Alàgbà ìjọ ni bàbá rẹ̀, Mungo Tulloch. A kì í gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá wa lọ́jọ́ Olúwa, ìyẹn Sọ́ńdè. Ńṣe ni gbogbo ìlú ń nasẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa agbágọ́ọ̀fù a máa gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ tí ìdìmú rẹ̀ rí bí orí igi gọ́ọ̀fù, kí a lè fi gbá bọ́ọ̀lù bí ẹnikẹ́ni kò bá wò wá. Òun ni mo gbé lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ Effie. Bí mo ti ń bá bàbá sọ̀rọ̀ lórí pápá, mo rí òkúta róbótó kan nílẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dorí ọ̀pá kodò, tí mo gbá a.

“Lọ́jọ́ Olúwa?” ni bàbá wí. “N kò lọ́mọ fún ọ.”

Effie tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà pápá. “Ṣé o fẹ́ sá ni?”

“Èmi? Rárá.”

“Ó dáa. Padà wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ọkọ mi. Fi ọ̀pá burúkú yẹn sílé.”

Odindi ọdún kan, nínú òjò àti yìnyín, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá lórí pápá ní gbogbo Sọ́ńdè, lọ́wọ́ òfo, láìmú ọ̀pá. Mo ń kí i, kò dáhùn. Mo tún ń wá.

Ní Sọ́ńdè kan, bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan sọ nù wà lẹ́bàá ihò gọ́ọ̀fù. Bàbá wò ó. Ó wo òkun. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tì í wẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù sì já sínú ihò.

“Bàbá! Ọjọ́ Olúwa lòní o!” Effie kígbe.

“Kó má baà gbé ènìyàn ṣubú ni mo ṣe tì í kúrò.”

“Sínú ihò, sà?” mo bèèrè.

Ojú rẹ̀ pọ́n. “Rankin, ẹnu rẹ pọ̀ jù. Lọ sọ fún pásítọ̀ kó kéde ìgbéyàwó yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Oṣù kẹfà ni a ṣègbéyàwó.

Ohun tí Effie fi sílẹ̀: bàtà òjò, awò ojú, ìgò jáàmù mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ tó ń hun, tó ku àtàǹpàkò kan, Isla ọmọ wa, tó jogún ohùn rẹ̀, àti èmi.