Ọ̀bẹ Tó Ṣí Wẹ́rẹ́

Orí tìmùtìmù tí ó ń rán lọ́wọ́ ni wọ́n ti bá òkú Mashood. Ọ̀bẹ kan dúró ní igbá àyà rẹ̀, ó wọlé títí dé èkù.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ dàrú. Ta ni yóò pa oníṣẹ́ awọ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, àfi àwọn tí ó bá ń yan odì?

Ìnsípẹ́kítọ̀ Olúfúnkẹ́ wo ṣọ́ọ̀bù náà yí ká. Awọ ewúrẹ́, abẹ́rẹ́, òwú. Àwo kékeré kan wà lórí pẹpẹ, kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀, ìpẹtà pupa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ata gígún. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀.

Hafeez, ọmọ olóògbé, rí ọ̀bẹ náà, ó figbe ta: "Ọ̀bẹ bàbá mi nìyí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá a. Àwọn ará ilé nìkan ló mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ń fi ọ̀bẹ sí. Gbogbo àdúgbò ló sì ti gbọ́ ariwo bàbá àti ọmọ lọ́sẹ̀ náà, nítorí Hafeez ní òun kò ṣe iṣẹ́ awọ mọ́, kẹ̀kẹ́ lòun fẹ́ máa wà. Wọ́n tì í mọ́lé.

Wọ́n pe Simon náà, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Mashood.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń bá ara yín jà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀," Olúfúnkẹ́ wí.

"A ò kí ara wa láti Iléyá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, mò ń kọrin. Ẹ bi pásítọ̀ wa. Bí mo ṣe ń jáde lọ ni àlejò onífìlà funfun kan wọlé tọ̀ ọ́."

"Ta ni?"

"Mo ní a ò kí ara wa! Ṣé èmi ni n óò máa kí àlejò rẹ̀?"

Wọ́n bi pásítọ̀. Òótọ́ ni Simon sọ.

Nígbà tí dókítà ti yọ ọ̀bẹ náà, Olúfúnkẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, ó ká irin ọ̀bẹ náà sínú èkù rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tì í. Ó ṣí wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá la ojú. Kò ké, kò há. Ó ká a, ó tún ṣí i. Wẹ́rẹ́.

Mọ̀ríámọ̀, opó Mashood, gbé oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀ ní tésàn.

"Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣé ọ̀bẹ yìí ni Bàbá fi ń gé awọ?"

"Rárá o. Ọ̀gá wọn ló ra méjì bọ̀ láti Mẹ́kà. Ó fún ọkọ mi àti Anas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Ìgbà tí Anas kò wá síbi òkú ìyá ọkọ mi, ọkọ mi búra lójú Anas pé òun kò ní ṣí ọ̀bẹ yẹn mọ́, àfi lọ́jọ́ tí òun bá dárí jì í. Hafeez fẹ́ ṣí i rí ní kékeré, èékánná rẹ̀ ló ya. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́."

"Kẹrosíìnì tó wà lórí pẹpẹ ńkọ́?"

"Òun ló ní kí n bu ú wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kò dá mi lóhùn. Ìwà rẹ̀ nìyẹn." Ó di ọwọ́ Olúfúnkẹ́ mú. "Ọmọ mi, mo ti pàdánù ọkọ. Ẹ má jẹ́ kí n tún pàdánù ọmọ."

Olúfúnkẹ́ gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ó bá Anas ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fìlà funfun lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọ̀bẹ tí ọ̀gá yín fún yín ńkọ́?"

Anas rẹ́rìn-ín. Ó fà á yọ lábẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀. "Òun nìyí."

"Ẹ ṣí i fún mi."

Anas fi àtàǹpàkò tì í. Kò mira. Ó fi èékánná ha á. Ó fi eyín fà á. Òógùn bò ó.

"Bàbá, oníṣẹ́ awọ wo ni kò lè ṣí ọ̀bẹ ara rẹ̀? Èyí tó ṣí wẹ́rẹ́ ni tiyín. Ẹ fi sílẹ̀ láyà Mashood, ẹ mú tirẹ̀ lọ, kí a lè rò pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Anas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo lọ bẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ ṣáájú pé mò ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi! Ó ń rán tìmùtìmù rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Ó ní kí n máa lọ, kí n padà wá ní Jímọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi òróró pa ọ̀bẹ mi. Ká ní ó há díẹ̀ ni, inú mi ì bá ti rọ̀ kí ó tó ṣí."

"Níbo lẹ ti rí tirẹ̀?"

"Lórí pẹpẹ. Inú kẹrosíìnì ló..."

Ó wo ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ ohun tí kẹrosíìnì ń ṣe fún irin tó dípẹtà, bí wọ́n bá fún un ní ọjọ́ díẹ̀.

"Jímọ̀ ni ì bá ṣí i," Anas wí. "Áà, Mashood. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Olúfúnkẹ́ pe tésàn Ọ̀yọ́ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n tú Hafeez sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó yíjú padà, ọ̀bẹ ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ Anas. Ó tún fi àtàǹpàkò tì í, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó mira díẹ̀.